"Seat" àti "sit" ń di ọ̀kan náà lẹ́nu mi, ẹ ràn mí lọ́wọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìkòròdú ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú èrò bàálù ni mo ń kọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n dán wa wò: olùkọ́ yóò ṣe bí èrò tí ẹrù rẹ̀ sọnù, a ó sì dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì láìwo ìwé.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Bí yóò ṣe jáde lẹ́nu ni wàhálà. Yorùbá wa kò ní ìró "ch" àti "v", nítorí náà "check-in" ń di "shek-in", "visa" ń di "fisa". Èyí tó burú jù ni "seat" àti "sit": ní etí tèmi, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Mo ti gba ohùn ara mi sílẹ̀ lórí fóònù, n kò gbọ́ àṣìṣe kankan níbẹ̀. Mo ti há Alfa, Bravo títí dé Zulu sórí, èyí tí a fi ń pe lẹ́tà orúkọ èrò. Ìyẹn wọlé dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá mi ṣe ìdánrawò lálẹ́, bí mo ṣe ń pe "seat" àti "sit" lòun náà ń pè wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, báwo ni mo ṣe lè kọ́ etí mi láti mọ ìyàtọ̀ "seat" àti "sit", kí ó sì dúró lẹ́nu mi nígbà tí èrò bá ń fi ìbínú pariwo?