Ó tàn, àmọ́ kò jí: kernel ńkọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi tá a ti ń wá Yorùbá fún ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n wa láti Ẹ̀pẹ́ ní ká máa pe kernel, ìyẹn ètò inú lọ́hùn-ún tó ń darí gbogbo ara kọ̀ǹpútà, ní "ọkàn kọ̀ǹpútà", ká sì máa pe boot, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń gbéra sọ tá a bá tẹ bọ́tìnnì, ní "títàn". Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, méjèèjì ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá màmá kan gbé láptọ́ọ̀pù ọmọ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, n'Ìkòròdú níbí, wọ́n ní "ó tàn o, iná ẹ̀ ń ṣẹ́jú, fáànù ẹ̀ ń fẹ́, àmọ́ kò jí". Mo tẹ bọ́tìnnì, lóòótọ́, ojú ẹ̀ dúdú, lẹ́tà funfun tò síbẹ̀, Kernel panic, ìyẹn ni pé kernel bá ìṣòro tí kò lè yanjú, ló bá dúró. Màmá yìí ò kọ́ kọ̀ǹpútà rí o, wọ́n sì ti ya tàn àti jí sọ́tọ̀ kó tó kan àwa.

Ẹ wo Linux, ọ̀kan lára àwọn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, UEFI, ètò tó wà lára ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, á kọ́kọ́ yẹ ara ẹ̀rọ wò, á pe GRUB, ètò kékeré tó ń gbé kernel wọlé, GRUB á gbé kernel látinú dísìkì wọ mẹ́mọ́rì, àmọ́ bí ẹrù tí wọ́n dì pọ̀ ló ṣe wọlé, z tó kẹ́yìn vmlinuz nìyẹn, òun fúnra ẹ̀ ló máa tú ara ẹ̀, á ṣètò mẹ́mọ́rì, á jí àwọn dúráífà, àwọn ètò tó ń bá ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá ibi tí àwọn fáìlì wà, ìgbà yẹn ló tó bí init, ètò tó jẹ́ àkọ́bí, nọ́ńbà 1, gbogbo ètò tá à ń lò, ọmọ àti ọmọọmọ ẹ̀ ni. Ṣé gbogbo ìyẹn lẹ fẹ́ pè ní títàn bíi gílóòbù? Jíjí ni jàre.

Ọkàn náà ò bá a mu. Nínú Unix, ètò àtijọ́ tí wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe Linux, ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ ń jẹ́ shell, èèpo nìyẹn, kernel sì ni ohun tí èèpo bò. Ọkàn wo ló ní èèpo? Èkùrọ́ ló ní in, ẹ̀yin náà ti fi òkúta pa á rí, ẹ mọ̀ pé èèpo lẹ máa kọ́kọ́ kàn. Àǹtí kan nínú wa sọ pé èkùrọ́ dún bí ọ̀rọ̀ ọjà, àmọ́ ọ̀rọ̀ kóró èso lòyìnbó náà mú o.

Ó wá ku panic. Mi ò fẹ́ "ìjayà", torí ẹ̀rù kọ́ ló bà á, ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ dúró kó má baà ba fáìlì jẹ́. Ohun tí mo kọ sórí rìsíìtì màmá yẹn ni "èkùrọ́ yarí, kò rí dísìkì". Wọ́n kà á, wọ́n ní ṣé dísìkì yẹn ṣeé tún ṣe.