Pistons ti wọ playoffs ti 2025: ẹ̀yin ará Michigan, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí ká tó débí

Bàbá Ìbejì (Southfield):

Ẹ kú ilé o. Sátidé yìí, ọjọ́ 19 oṣù kẹrin 2025, Detroit Pistons, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ wa, máa wàákò pẹ̀lú New York Knicks ní Madison Square Garden, pápá tiwọn, nínú playoffs, ìdíje tí àwọn ẹgbẹ́ tó mókè ń gbá lẹ́yìn sáà. Mo ti gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ẹni tó bá ń ṣe ìkómọ lọ́jọ́ náà, kó má bínú sí mi, màá fi owó ránṣẹ́.

Inú mi ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ, mo mọ̀, àmọ́ ẹ wo ibi tá a ti ń bọ̀. Ní sáà 2023 sí 2024, nínú géèmù 82, 14 péré la borí. 28 la pàdánù léraléra, kò sì sí ẹgbẹ́ tó ṣe irú ẹ̀ rí nínú sáà kan ṣoṣo ní NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo wà ní Little Caesars Arena, pápá wa ní Detroit, lọ́jọ́ kejì Kérésì tí Brooklyn wá nà wá ní 118 sí 112. Ìyẹn ni ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n. Cade Cunningham, ìràwọ̀ ẹgbẹ́ wa, nìkan jẹ pọ́ìntì 41, pàbó ló já sí. Bí géèmù ṣe ń lọ sópin, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí ẹni tó ni ẹgbẹ́ tà á. Òyìnbó kan jókòó níwájú mi, bàbá àgbà, ó wọ jẹ́sì Ben Wallace tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Kò bá wọn pariwo. Gúgúrú ló ń ṣà jẹ lẹ́yọ lẹ́yọ, kò gbójú sókè títí géèmù fi parí. Ó ṣe mí bíi kí n kí i pé ẹ kú àmúmọ́ra.

Sáà yìí ńkọ́? 44 la borí! Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbá géèmù 82, kò sí ẹgbẹ́ tó tíì sọ iye tó borí di ìlọ́po mẹ́ta láàárín sáà kan sí ìkejì. Àwọn kan ń pè é ní iṣẹ́ ìyanu, èmi ò gbà. Lọ́dún tó kọjá, bí Cade bá ti forí lé abẹ́ apẹ̀rẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló máa yí i ká, torí wọ́n mọ̀ pé bó bá jù ú sí ẹlòmíì, kò ní wọlé. Trajan Langdon wá di ọ̀gá tó ń yan agbábọ́ọ̀lù fún wa, ó sì kó àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wá: Tobias Harris, Tim Hardaway Jr., Malik Beasley. Beasley yìí nìkan ju oní-pọ́ìntì mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń jù látòkèèrè, 319 sáwọ̀n ní sáà yìí. Ẹ fi í sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ máa ṣọ́ Cade, ẹ máa rí pupa ojú ẹ̀. Bí ọ̀nà ṣe là fún Cade nìyẹn. Kóòṣì wa pàápàá, J.B. Bickerstaff, Cleveland ló lé e dànù ní 2024. Ẹ ṣé o, Cleveland.

Mi ò bèèrè ife ẹ̀yẹ. Láti oṣù karùn-ún 2008, a ò tíì borí géèmù kan ní playoffs, 14 la ti pàdánù tẹ̀léra. Àwọn ìbejì mi ti ń kọ́ mọ́tò wíwà, wọn ò tíì rí i rí láyé wọn. Ẹyọ kan ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, nílé wa ní Detroit. Bó bá wá ju ẹyọ kan lọ, ẹ máa gbọ́ ariwo mi níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà.

Ìyá Ọlá (Dearborn):

Bàbá Ìbejì, ẹ ò dárúkọ Jaden Ivey, agbábọ́ọ̀lù wa tó fara pa. Èmi kì í wo bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ló fà mí wọ̀ ọ́. Ọjọ́ kìíní ọdún yìí, ìrẹsì wà lórí iná, Orlando wá bá wa gbá a. Bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀, ọmọ Orlando kan fò mọ́ ọn, ló bá já lu ẹsẹ̀ òsì Ivey. Egungun dá! Mo kígbe "yéè, ọmọ ọlọ́mọ!" débi tí ọkọ mi fi sáré jáde ní balùwẹ̀ tòun tọṣẹ lójú. A borí géèmù yẹn ṣá, àmọ́ ìrẹsì mi ti jóná kí n tó rántí rẹ̀. Látìgbà yẹn ni mo ti ń dárúkọ ọmọ náà nínú àdúrà àárọ̀. Kò tíì padà sórí pápá di òní.

Ọmọ Ìbàdàn (Brooklyn):

Ẹ kú ìrètí o, ẹ̀gbọ́n. Knicks ni tèmi. 51 làwa borí, Jalen Brunson, ìràwọ̀ wa tó fara pa, sì ti padà. Mo tún ní ìbéèrè kan: OG Anunoby, Nàìjíríà làwọn òbí ẹ̀ ti wá. Precious Achiuwa, Port Harcourt ni wọ́n bí i sí. Ọ̀dọ̀ wa làwọn méjèèjì wà. Ẹ̀yin wá ń bá Detroit yọ̀. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ gbàgbé ilé báyìí?

Alàgbà Pontiac:

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ rọra. Ní 2004, Lakers kó Shaquille O'Neal, Kobe Bryant, Karl Malone àti Gary Payton wá. Gbogbo ayé ló ní wọ́n máa jẹ wá run. Ní àṣekágbá, 4 sí 1 la fi lé wọn lọ sílé, a sì gba ife ẹ̀yẹ. Ben Wallace tẹ́ ẹ̀ ń wọ jẹ́sì ẹ̀ yẹn, nígbà tí wọ́n yan àwọn ọmọ tuntun wọ NBA ní 1996, kò sẹ́ni tó yàn án. The Palace ní Auburn Hills la ti ń gbá a nígbà náà. Wọ́n ti wó o ní 2020, ó ṣì máa ń dùn mí tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun tí mo rí lára àwọn ti ìsinsìnyí ni pé wọ́n ń dènà dáadáa. Ẹ jẹ́ kí Ausar Thompson tiwa máa tẹ̀ lé Brunson dé ibi tó ti ń mumi, a máa rójú. Isaiah Stewart, ọmọ wa kan, ló ń já mi láyà. Ìjà tí wọ́n jà ní Minnesota lóṣù tó kọjá, géèmù méjì ni wọ́n fi dá a dúró. Bí Karl-Anthony Towns ti Knicks bá tọ́ ọ, kó fara balẹ̀ o. Orí gbígbóná kò dáa ní playoffs.

Bàbá Ìbejì (Southfield):

Bàbá wa, ẹ ṣeun, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ìyá Ọlá, àmín sí àdúrà yín.

Ìwọ Ọmọ Ìbàdàn, ìgbà mẹ́rin la pàdé ní sáà yìí, mẹ́ta la mú. Méjì nínú rẹ̀, inú Garden yín níbẹ̀ la ti mú un. Anunoby, màá pàtẹ́wọ́ fún un tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Ní Sátidé, kó dákun kó pàdánù.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wá sílé wa. Iye tí wọ́n pe tíkẹ́ẹ̀tì ti fẹ́ gbẹ̀mí mi, ìyàwó mi ò sì tíì mọ̀ pé mo ń wá mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ ibi tó ti dínwó, kó tètè pè mí, àmọ́ kó má pe nọ́ńbà ilé.