Kí ló lè mú kí agbẹ̀bí pẹ́ ní ilé ìwòsàn abúlé?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò agbẹ̀bí lọ́dún 2009, mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n pín sí ilé ìwòsàn abúlé kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ lè máa lọ tọ̀sán-tòru. Àdéhùn ìgbà náà ni pé ìjọba àpapọ̀ á san ₦30,000 lóṣù fún agbẹ̀bí kọ̀ọ̀kan, ìpínlẹ̀ á fi ₦20,000 kún un, ìjọba ìbílẹ̀ á mú ₦10,000 wá, á sì pèsè ilé gbígbé. Owó ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ ni kì í wá déédéé nígbà náà. Láwọn ibòmíràn, kò sí ilé gbígbé náà rárá. Agbẹ̀bí tí ilé rẹ̀ jìnnà kò lè gbẹ̀bí lóru, ó ṣe tán!

Ẹ jọ̀wọ́, bí owó ìjọba ìbílẹ̀ bá kéré, èwo ni kó ṣáájú: yàrá tó ní omi àti iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, àbí owó àjẹmọ́nú? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bójú tó irú ètò yìí rí, ọdún mélòó ni agbẹ̀bí ń lò kẹ́ ẹ tó gbé e lọ síbòmíràn?