Bírò, rúlà àti "borrow me": ibi tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé ti ń há ọmọ lẹ́nu

Tíṣà Púráímárì Kejì, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Àwọn òbí a máa béèrè pé orúkọ nǹkan mélòó ló yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì kí iṣẹ́ kíláàsì tó lè yé e. Orúkọ nǹkan kọ́ ni wàhálà. Ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan ti ń pe bírò, rúlà, bọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀kì, bẹ́ǹṣì àti báàgì láti ilé, torí a ti sọ wọ́n di tiwa. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni kí ẹ wò: copy, tick, circle, underline, match, choose, fill in, cross out. Àwọn ló ń pàṣẹ lórí ìwé ìdánwò. Ọmọ lè mọ ìdáhùn dájú kó sì pàdánù máàkì, nítorí wọ́n ní kó fi ìlà róbótó yí ọ̀rọ̀ ká, òun wá fa ìlà sí i nídìí.

Bí a ṣe ń kọ́ wọn nìyí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú bọ́ọ̀dù: bag, ruler, pencil. Ẹ ní "Circle the ruler", kí ẹ sì yí i ká fúnra yín láìtúmọ̀ ohunkóhun. Ẹ nù ún nù, ẹ tún un sọ, kí ọmọ kan jáde wá ṣe é. Àṣẹ méjì ti tó fún ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ da méjèèjì pọ̀: "Underline the bag and circle the pencil." Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ẹni tó gbọ́ àti ẹni tó ń yọjú wo ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ máa yí ètò rẹ̀ padà o. Bó bá jẹ́ circle ló ń ṣáájú lójoojúmọ́, ètò yẹn ni wọn á há sórí, wọn ò ní fetí sí ọ̀rọ̀ mọ́.

Onílẹ́ṣìn, Adó-Èkìtì

Òótọ́ lẹ sọ, Mà. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ ní tiwọn, láti Púráímárì Kẹrin lọ, àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ẹyọ kan sọ tí Gẹ̀ẹ́sì pín sí méjì ló ń gbé wọn ṣubú. "Yá" ni ọ̀gá wọn. Gbogbo kíláàsì ló ń ké "borrow me your biro". Tíṣà á nà wọ́n, wọn á tún un sọ lọ́la, torí ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀nà hàn wọ́n.

Ọ̀nà náà wà nínú Yorùbá fúnra rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà lédè wa, kó sì wá "lọ́wọ́". "Mo fẹ́ yá bírò lọ́wọ́ rẹ": lọ́wọ́ wà níbẹ̀, borrow ni, from ni yóò sì tẹ̀ lé e. "Yá mi ní bírò rẹ": kò sí lọ́wọ́, lend ni. Ìdánwò kan náà yìí ń ṣiṣẹ́ fún "kọ́". "Ó kọ́ mi ní ìṣirò" kò ní lọ́wọ́, teach ni. "Mo kọ́ ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀" ní in, learn from ni. Ọmọ tó bá ti mọ èyí kò tún ní sọ pé "she learned me maths".

"Kà" ṣòro ju ìyẹn lọ, kò sì ní àmì kankan tí a lè fi dá a mọ̀. Ẹni tó ń ka owó, count. Ẹni tó ń ka ìtàn, read. Ẹni tó jókòó ti ìwé nítorí ìdánwò, study. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó bi ọmọ léèrè ohun tí wọ́n ń kà. Bó bá jẹ́ nǹkan tí a lè fi ìka tọ́ lójú ewé, bíi ọ̀rọ̀ tàbí ojú ìwé, read ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ odidi, bíi Biology, study ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń sọ "reading Law" ní yunifásítì, nítorí náà ẹ má fi bírò pupa pa á rẹ́ fún ọmọ ńlá.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì JSS, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun fún ti lọ́wọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ ká má gbàgbé etí. Èdè wa kò ní ìró ch, th, v àti z. Ọmọ tó gbọ́ "give me a sheet" àti "don't cheat" lè máa gbọ́ nǹkan kan náà. Share àti chair ńkọ́? Tick àti thick? Fún ch, kí ahọ́n kọ́kọ́ gbá òkè ẹnu bí ẹni fẹ́ pe t, kó wá tú u sílẹ̀ sínú ṣ láìdúró. Fún th, kí orí ahọ́n yọ díẹ̀ láàárín eyín, kí èémí máa jáde. V àti z kò le: f àti s la ti ní, ohùn ló kù. Kí ọmọ gbé ọwọ́ lé ọ̀fun, kó pe f gígùn kan, kó wá jẹ́ kí ọ̀fun gbọ̀n. Ó ti di v nìyẹn.

Ẹ kọ́ etí kí ẹ tó kọ́ ẹnu. Ẹ kọ sheet sí abẹ́ 1, cheat sí abẹ́ 2, ẹ kẹ̀yìn sí wọn kí wọ́n má baà wo ètè yín, ẹ pe ọ̀kan, kí wọ́n na ìka kan tàbí méjì sókè. Ìgbà tí ìka bá ń jọra jálẹ̀ kíláàsì ni kí ẹ tó ní kí wọ́n máa pè é.

Àwa ará Èkìtì a máa fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìsí ìṣòro, a ní ulé, a ní ùlú. Ṣùgbọ́n kí èyí má tàn wá jẹ lórí uniform. Ìró y ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí náà "a uniform" la ó kọ, bí umbrella tilẹ̀ jẹ́ "an umbrella".

Òǹtajà ohun èlò ìkọ̀wé, Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ kú làálàá. Ẹni tó fẹ́ ṣe káàdì ọ̀rọ̀ nílé kò nílò èyí tí wọ́n tẹ̀ wá láti òkè òkun. Ra káàdíbọ́ọ̀dù funfun ńlá kan, ká a sí méjì lẹ́ẹ̀mẹrin, tú u, kí o sì fi àlùmọ́gàjí gé e lójú ìlà. Mẹ́rìndínlógún ni wàá rí. Kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú, ya àwòrán rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Má kọ Yorùbá sí ẹ̀yìn o, torí ọmọ á kàn máa ka Yorùbá náà ni.

Ohun méjì ló sábà máa ń bà á jẹ́. Òbí á fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo rẹ̀, PENCIL, ọmọ ò wá ní dá pencil mọ̀ nínú ìwé. Lẹ́tà kékeré ni kí ẹ lò. Èkejì ni bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: yíǹkì máákà á yọ sí òdìkejì, ọmọ á ti rí ìdáhùn kó tó yí i padà.

Ó tún yẹ kí ọmọ mọ orúkọ méjì fún nǹkan kan. "Cleaner" ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa, eraser ló sì wà nínú ìwé wọn. Bírò lẹ́nu, pen nínú ìdánwò.

Òbí kan, Ìjerò-Èkìtì

Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ jọ̀ọ́ Sà, ṣé ká fòfin de Yorùbá nílé kí Gẹ̀ẹ́sì tó lè dúró?

Tíṣà Púráímárì Kejì, Ìkéré-Èkìtì

Rárá, Mà. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti dáhùn èyí. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ yòókù.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì JSS, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Kí n fi ti s kún un. Ọ̀rọ̀ orúkọ wa kì í yí padà, ìwé kan, ìwé méjì, ìdí nìyẹn tí "two book" fi pọ̀ nínú àpèkọ. Bí ẹ bá ti ń fi s kọ́ wọn, wọn á gbé e dé ibi tí kò yẹ: homeworks, furnitures, chalks. Ẹ so ọ̀rọ̀ tó ń kà á mọ́ ọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́: a piece of chalk, two pieces of chalk. Stationery náà kò gba s. Lẹ́tà e tó wà ní envelope ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó ní a, stationary, ọkọ̀ tó dúró sójú kan ló ń sọ.