Ìwé ìdíyelé tí mo kọ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀

Oní-éésì Ring Road:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá ń ṣe éésì fún ilé ńlá ní Ìbàdàn yìí, tí kò tíì fi owó ara rẹ̀ parí iṣẹ́ oníṣẹ́ rí, kó nàwọ́ sókè. Tèmi rèé.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Alhájà kan pè mí sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, àjà mẹ́ta bí a bá ka ti ilẹ̀ mọ́ ọn. Nísàlẹ̀, wọ́n ń ta oògùn. Láàárín, ọ́fíìsì àwọn aṣírò-owó. Lókè pátápátá, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Alhájà ní òun ò fẹ́ kí ẹ̀rọ ìta so rẹ́kẹrẹ̀kẹ mọ́ ògiri òun bí ìtẹ́ ẹ̀gà lára ọ̀pẹ. Ó ti rí irú èyí tí ẹ̀rọ ìta kan ń gbé ti inú púpọ̀, tí àwa ń pè ní VRF. Ó ní irú ẹ̀ lòun fẹ́, kí n sì kọ iye rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ẹlòmíì ń bọ̀ lọ́la.

Ojú iṣẹ́ ńlá wọ̀ mí. Mo fẹsẹ̀ wọn àwọn yàrá, mo tẹ́ ìwé sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi, bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná débi pé ọwọ́ ò ṣeé gbé lé e, mo sì ń kọ lọ: yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, éésì họ́ọ̀sì kan, tó bá jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, họ́ọ̀sì kan ààbọ̀. Alhájà ń wò mí láti òkè. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, kò sì burú fún yàrá tí tọkọtaya ń sùn.

Ẹ wá wo gbọ̀ngàn òkè yẹn. Ènìyàn 40 ló ń jókòó síbẹ̀. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, ooru ara rẹ̀ ń tó nǹkan bí BTU 400 ní wákàtí kan (BTU la fi ń wọn ooru). Lọ́nà 40, ó di 16,000. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń jẹ iná wáàtì 150, ooru tirẹ̀ lé díẹ̀ ní BTU 500. 40 rẹ̀ ti ju 20,000 lọ. Bẹ́ẹ̀ họ́ọ̀sì méjì tí à ń rà lọ́jà, BTU 18,000 ni. Ènìyàn àti kọ̀ǹpútà nìkan ti jẹ họ́ọ̀sì mẹ́rin tán. Márùn-ún ni mo kọ. Họ́ọ̀sì kan tó ṣẹ́kù ló máa gbé oòrùn, páànù orí ilé, àti gíláàsì gbọọrọ tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn! Sátidé àkọ́kọ́ tí wọ́n lo ibẹ̀, olùkọ́ wọn fi fídíò ránṣẹ́ sí mi: àwọn ọmọ ń fi ìwé fẹ́ ara wọn lábẹ́ éésì tuntun. Owó mi ni mo fi ra èyí tí a fi kún un.

Páìpù kọ́pà ńkọ́? Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n, mo kọ mítà 35. Nígbà tí a débi iṣẹ́, òpó kọnkéré tó gba àjà kọjá dí wa lọ́nà, Alhájà kò sì jẹ́ kí páìpù gba iwájú ilé. A yí gba ẹ̀yìn àtẹ̀gùn, ó di mítà 62. Kọ́pà lé, fóòmù dúdú tí à ń wé mọ́ ọn lé, gáàsì náà lé, torí gáàsì tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ kò ka gígùn páìpù tiyín mọ́ ọn.

Èyí tó wá dá mi lóró jù ni pé n kò kọ ọjọ́ tí iye owó náà máa kú. Alhájà fi ìwé mi sínú báàgì. Àárín oṣù kẹfà, ìjọba tú dọ́là sílẹ̀, ó kúrò ní bíi ₦470, kò pẹ́ tó fi lé ní ₦700. Ìparí oṣù, fóònù mi dún: "Ẹnjiníà, ẹ máa bọ̀, owó yín ti délẹ̀. Ìwé yín ló wà lọ́wọ́ mi yìí, ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí i." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo bẹ̀ ẹ́, ó fi díẹ̀ kún un, kí Ọlọ́run bù kún un. Mo ta ẹ̀rọ tí mo fi ń fa afẹ́fẹ́ inú páìpù kí n tó rí ìyókù.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa ni pé mo yọ àwọn olóògùn kúrò lára VRF. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń tì, wọ́n ń ṣí ní Sọ́ńdè, oògùn wọn púpọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí ooru ibi tó wà má ju dígírì 25 tàbí 30 lọ. Àwọn aṣírò-owó ti lọ ilé láti aago márùn-ún. Ṣé nítorí ṣọ́ọ̀bù kan ni ẹ̀rọ ìta ńlá á ṣe máa jó dísù lálẹ́? Éésì ògiri méjì péré ni mo gbé fún wọn, wọ́n dá dúró. Kí n tó pín sóònù báyìí, ìbéèrè mi ni: ta ló ń ṣí ilẹ̀kùn yìí, aago mélòó ló ń tì í?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá mi. Tèmi kò tó tiyín, àmọ́ ó ń ká mi lára. Ilé ìwòsàn àdáni kan ló pè mí. Ọjọ́ méjì ni mo fi wọ̀n ọ́n, mo kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan títí dé ìwọ̀n wáyà, mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọn ò fèsì. Ó tó oṣù kan, ọ̀rẹ́ mi kan pè pé wọ́n fún òun ní ìwé kan kí òun bá wọn kọ iye tó dín sí ti inú rẹ̀. Wọ́n ti gé orúkọ mi kúrò lókè. Ó ní òun mọ̀ pé èmi ni, torí nínú gbogbo oní-éésì Ìbàdàn, èmi nìkan ló ń fi lẹ́tà K bẹ̀rẹ̀ "copper."

Báyìí, mò ń gba owó àyẹ̀wò kí n tó fa téèpù yọ. Tí wọ́n bá gbéṣẹ́ fún mi, mo yọ ọ́ kúrò nínú owó. Ẹlòmíì á bínú lọ. Kó máa lọ.

Màmá Bódìjà:

Èmi kì í ṣe oní-éésì o, èmi ni mò ń sanwó. Ilé ẹ̀kọ́ ni mò ń bójú tó. Ìwé mẹ́ta ni mo gbà, mo mú èyí tó kéré jù. Ta ni ò ní mú un? Ó dọjọ́ iṣẹ́: "Mà, bíréékà ò sí nínú owó wa." "Mà, páìpù tí omi máa gbà jáde." "Mà, ẹni tó máa dí ojú POP tá a lu." Nígbà tí mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó ti kọjá ti ẹni tó wọ́n jù. Ẹni yẹn sì ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé tirẹ̀: èyí wà nínú owó yìí, èyí kò sí. Òun nìkan náà ló ka VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ ọn. Mo rò pé fáàrí ló ń ṣe.

Bàbá Challenge:

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò dárúkọ naitirójìn, gáàsì tí a fi ń dán páìpù wò bóyá ó ń jò. Ẹ kọ ọjọ́ ìdánwò páìpù sínú ìwé, kó ní owó tirẹ̀. Èmi ò kọ ọ́ nígbà kan. A ti rọ naitirójìn sí páìpù, à ń wo géèjì kó lè lo ọjọ́ kan, onílé dé, ó bá wa níjòkòó, ó ní ṣé ìjókòó lòun ń sanwó fún. Ojú tì mí, mo ní kí wọ́n tan nǹkan. Ọ̀sẹ̀ kẹta, gáàsì ti lọ. Ojú ibi tó ń jò, òkè POP tí wọ́n ti kùn ló wà.

Oní-éésì Ring Road:

Bàbá, ẹ ṣé o. Ọmọ Mọ́kọ́lá, ojú-ewé mẹ́rin ni ìwé mi báyìí, mo sì ń ya ọ̀nà tí páìpù máa gbà síbẹ̀, onílé á fọwọ́ sí i. Iye ẹ̀rọ máa ń kú lẹ́yìn ọjọ́ 7. Iye kọ́pà, ọjọ́ 3.

Alhájà yẹn pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń kọ́ òmíràn ní Àkóbọ̀. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa fi wọ̀n ọ́n, owó àyẹ̀wò sì wà níbẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹnjiníà, bọ́nẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"