Bí a ṣe ń lọ wo ìgbáradì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní Jámánì

Àṣàkẹ́, Hannover
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju bọ́ọ̀lù lọ. Mo ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Bundesliga, líìgì tó ga jù ní Jámánì, fún un, ṣùgbọ́n àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ló ń kọ́kọ́ rà á, kó tó kan àwa ará ìta, ó ti tán. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wá sọ fún mi pé àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá wo ìgbáradì wọn láìgba kọ́bọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Báwo la ṣe ń mọ ọjọ́ tó yẹ kéèyàn lọ? Ìsinmi iléèwé ń bọ̀, mo fẹ́ mú un lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá ti lọ rí là mí lọ́yẹ̀.

Àkànbí, Bremen
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ìyá wa. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹ lọ sí ojú òpó ẹgbẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Trainingsplan" (ètò ìgbáradì) tàbí "Trainingszeiten" (àkókò ìgbáradì) sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń to ètò ọ̀sẹ̀ sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí "öffentlich" (ó ṣí fún gbogbo ènìyàn) tàbí "nicht öffentlich" (kò ṣí). Èyí tó ní "nicht" níwájú, ẹ má wulẹ̀ lọ, wọn ò ní ṣílẹ̀kùn. Ètò náà sì lè yí padà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, nítorí náà ẹ tún un wò kí ẹ tó wọ rélùwéè.

Ọjọ́ tí ẹ bá yàn ṣe pàtàkì ju ẹgbẹ́ tí ẹ bá yàn lọ. Ká ní wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn tó gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú. Inú ilé ni wọ́n wà, tí wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́ tó dúró sójú kan, tàbí kí wọ́n rọra sáré yí pápá ká díẹ̀, kí wọ́n sì wọlé. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ló máa ṣiṣẹ́ gidi lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ Ajé sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ ìsinmi wọn. Bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá sì ti ku ọ̀la, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣètò bí wọn yóò ṣe gbá kọ́nà àti bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ni ẹ lè bá gbogbo wọn lórí pápá, àfi bí ẹgbẹ́ náà bá ní ìdíje Yúróòpù láàárín ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ Weserstadion, pápá ìṣeré Werder Bremen, létí odò, ni èmi máa ń lọ. Mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀ nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn golí ló kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ẹni tó ń kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ló sì sábà máa ń rí níbi gbogbo. Ẹ tètè dé nítorí tiwọn. Ìró bọ́ọ̀lù tó ń ba ọwọ́ wọn, pàá, pàá, ẹ kò lè gbọ́ ọ nínú pápá ìṣeré tó kún fún ariwo, tẹlifíṣọ̀n kò sì lè fún yín. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù jáde. Wọ́n na ara, wọ́n sáré díẹ̀, wọ́n wá pín sí agbo kéékèèké: àwọn kan yí ká, ẹni méjì wà láàárín tí wọ́n ń lé bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fojú sí. Bọ́ọ̀lù kì í dúró lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bó ṣe kan ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti kọjá lọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bá ara wọn ṣeré, síbẹ̀ ẹni tó bá sọ bọ́ọ̀lù nù ló máa wọ àárín, kò sì sí ẹni tó fẹ́ wọ ibẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá wá pín sí ọ̀nà méjì láti gbá a lórí pápá tí wọ́n ti sọ di kékeré, ẹ sọ fún ọmọ náà pé kó yan agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó ń gbá ipò tí òun náà ń gbá. Kó má wo bọ́ọ̀lù rárá. Ẹni yẹn nìkan ni kó máa wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yóò rí i pé kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti wẹ̀yìn, ó ti wọ̀tún, ó ti wòsì, ó ti mọ ibi tó máa gbé e sí. Ohun tí mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ẹ̀yìn lòun máa ń gbá. Láti ọjọ́ náà, bó ṣe ń dúró lórí pápá ti yàtọ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn níléèwé gan-an bi ìyá rẹ̀ pé ta ló ń kọ́ ọ nílé. Ìdí rèé tí mo fi gbà pé fún ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ìgbáradì kan sàn ju ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta lọ. Kì í ṣe torí pé a kò rí tíkẹ́ẹ̀tì la ṣe ń lọ síbẹ̀ o.

Àjíkẹ́, München
Ẹ̀gbọ́n wa ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìlú wa kún un, nítorí mo mọ̀ pé Bayern ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa dárúkọ. Bayern kì í ṣí ìgbáradì sílẹ̀ lemọ́lemọ́. Bí wọ́n bá ṣí i, Säbener Straße ni; ẹ wọ U1, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, kí ẹ sọ̀ ní Wettersteinplatz, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn ín. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n èrò ibẹ̀ kọjá sísọ, pàápàá nígbà ìsinmi. Ẹ̀yìn àgbàlagbà ni ọmọ tí kò ga yóò máa wò. Bí ẹ bá bi mí, ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò ní ariwo tó bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú un lọ, ì báà jẹ́ líìgì kejì tàbí ìkẹta. Etí pápá ni yóò dúró, agbábọ́ọ̀lù yóò sì kí i padà. Hannover 96 wà nílùú yín níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ ètò tiwọn wò.

Àyìnlá, Leeds
Ẹ̀yin tó wà ní Jámánì, ẹ mọyì ohun tí ẹ ní. Lọ́dọ̀ wa ní England, inú ọgbà tó ní odi ni àwọn ẹgbẹ́ Premier League ti ń gbára dì, ẹ̀ṣọ́ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá máa ṣí i, inú pápá ìṣeré ńlá ni, lọ́jọ́ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń fún ní tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn wo ìgbáradì ṣeré níbí. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Marcelo Bielsa tó ń kọ́ ẹgbẹ́ Leeds nígbà náà rán ẹnìkan lọ wo ìgbáradì ẹgbẹ́ Derby County kí wọ́n tó pàdé. Àjọ EFL, tó ń darí àwọn líìgì tó wà lábẹ́ Premier League, ní kí Leeds san owó ìtanràn 200,000 pọ́n-ùn, wọ́n sì ṣòfin pé ẹgbẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ lọ wo ìgbáradì alátakò nígbà tó bá ku wákàtí 72 sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn.

Àkànbí, Bremen
Bùọ̀dá Àyìnlá, ó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ẹ̀rọ tó ń fò, èyí tí wọ́n ń pè ní dúróònù, ni wọ́n rí lókè ìgbáradì ẹgbẹ́ Hoffenheim. Werder ló rán an, Frank Baumann tó ń darí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù níbẹ̀ nígbà náà sì jáde wá tọrọ àforíjì. Nítorí náà, bí ẹ̀ṣọ́ bá ní kí ẹ fi fóònù sápò nígbà tí wọ́n ń dán ètò kọ́nà wò, ẹ má bínú sí i.

Àbẹ̀ní, Berlin
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìbuwọ́lù, nítorí ìyẹn ni ọmọ máa fẹ́ jù. Níbí, a máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Union Berlin: ẹ wọ rélùwéè S3 dé Köpenick, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Alte Försterei, pápá ìṣeré wọn. Nígbà tí Táíwò Awóníyì wà níbẹ̀, tó gbá góòlù 15 wọlé ní líìgì sáà 2021/22, inú wa máa ń dùn gan-an láti wọ jẹ́sì tó ní orúkọ tiwa lẹ́yìn.

Ẹ má dúró sí ibi tí ìran ti dára jù títí wọn yóò fi parí. Nígbà tó bá ku díẹ̀, tí ẹ bá rí i tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù jọ, ẹ mú ọmọ lọ sí ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà láti pápá lọ sí yàrá ìmúra. Máákà tó nípọn ni kí ẹ mú dání, dúdú kan, funfun tàbí fàdákà kan, torí dúdú kì í hàn lára jẹ́sì tó dúdú. Ẹ fi páálí pẹlẹbẹ sínú jẹ́sì náà kó lè le, nítorí kò sẹ́ni tó lè kọ̀wé sórí aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: "Kann ich bitte ein Autogramm haben?" Wọ́n máa ń dá ọmọdé lóhùn ju òbí tó na fóònù síwájú lọ. Bí ẹnìkan bá kọjá láìdúró, ẹ má pariwo orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Ó lè jẹ́ pé oníṣègùn ló ń dúró dè é, tàbí pé ara ló ń dùn ún.

Bí kò bá rí i gbà, ẹ ṣì lè kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ náà fún "Autogrammkarte", káàdì tó ní àwòrán agbábọ́ọ̀lù. Ẹ fi àpòòwé tí ẹ ti lẹ sítáǹbù mọ́, tí ẹ sì ti kọ àdírẹ́sì ara yín sí, sínú lẹ́tà náà.

Àkàndé, Köln
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè ya fídíò ká sì gbé e sórí Facebook?

Àbẹ̀ní, Berlin
Ẹ ya àwọn agbábọ́ọ̀lù bí ẹ bá ṣe fẹ́, àfi bí ẹ̀ṣọ́ bá ní kí ẹ má yà á. Àwọn tó dúró tì yín ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Òfin Jámánì kò gbà kéèyàn gbé àwòrán ẹlòmíràn jáde láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá sì jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, òbí rẹ̀ ni ẹ ó bi.

Àṣàkẹ́, Hannover
Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á máa ṣọ́ gbogbo ilé wa. Ọ̀rọ̀ ìrìnnà ló kù. Bí mo bá fẹ́ mú un wá sí Bremen ńkọ́?

Àkànbí, Bremen
Bí ẹ bá ní Deutschlandticket, tíkẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù fún ọkọ̀ agbègbè káàkiri Jámánì, ó tó; yúrò 63 lóṣù ni wọ́n ń tà á láti oṣù kìíní ọdún 2026. RE tàbí RB, rélùwéè agbègbè, ni kí ẹ wọ̀, ẹ má wọ ICE tàbí IC tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, tíkẹ́ẹ̀tì náà kò ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì yín kò kan ọmọ. Ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́fà nílò tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ yẹ "Länderspielpause" wò. Ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín ara wọn nìyẹn, ó sì lè bọ́ sínú ìsinmi iléèwé nígbà ìwọ́wé tàbí sítòsí Àjíǹde. Ẹ lè dé pápá kí ẹ bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ kejì nìkan, nítorí àwọn tí ọmọ yín mọ orúkọ wọn ti lọ gbá fún orílẹ̀-èdè wọn. Ẹ wọ aṣọ tó móoru, kò sí òrùlé lókè. Òjò kì í dá wọn dúró, nítorí náà bó bá ń rọ̀, ẹ kàn mú ẹ̀wù òjò, kí ẹ máa bọ̀.