Báwo lẹ ṣe ń díwọ̀n ìyára róbọ́ọ̀tì tí ẹ ò tíì kọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ti kópa rí nínú FIRST Tech Challenge, ìdíje táwọn ẹgbẹ́ ọmọ iléèwé ti ń fi róbọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ́ figagbága, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. A ti ka ìwé òfin sáà tuntun tán, àmọ́ ẹnu wa ò kò. Àwọn kan fẹ́ kí róbọ́ọ̀tì wa lè ṣe gbogbo iṣẹ́ tó ń mú àmì wá. Àwa yòókù ní kó mọ iṣẹ́ kan ṣe dáadáa, torí ẹgbẹ́ méjì ló ń jùmọ̀ dojú kọ méjì, àwọn tó sì wà lókè tábìlì ló ń yan ẹni tí wọ́n máa bá ṣe ìpele àṣekágbá.

Ìṣirò ló dá wa dúró. Róbọ́ọ̀tì á dá ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́yìn náà awakọ̀ á darí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2. A fi téèpù ya pápá sílẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kan ń ṣe bíi róbọ́ọ̀tì, a sì ń ka àkókò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú èèyàn ń rí nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mú un. Ẹ̀rọ ò rí bẹ́ẹ̀. A wo fídíò àwọn sáà tó kọjá náà, iṣẹ́ ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé: kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun, báwo lẹ ṣe ń díwọ̀n àkókò tí róbọ́ọ̀tì máa fi mú nǹkan kan, gbé e débi àmì, kó sì padà? Ṣé ká fi róbọ́ọ̀tì ọdún tó kọjá dán an wò ni, àbí ká kọ́kọ́ ṣe apá tó ń mú nǹkan nìkan?